Ọ̀dá Abẹ́ Ilẹ̀: Omi àti Àwọn Tó Ń Du Ú ní Alímòṣọ́

Òjò kì í wọ́n ní Alímòṣọ́, ìjọba ìbílẹ̀ kan ní ìpínlẹ̀ Èkó. Iye tó ń rọ̀ sí Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgandò láàárín ọdún kan máa ń kọjá mílímítà 1,400, ìlọ́po méjì ohun tí ìlú London ń rí, ó sì tún lé. Síbẹ̀, bí oṣù kejì bá ti wọlé, okùn tó ń kan omi nínú kànga lóṣù kẹwàá kì í kàn án mọ́. Kẹ́ẹ̀gì a tò lọ rẹrẹ níwájú ilé ẹni tó ní kànga ẹ̀rọ, owó tí mẹrúwà ń gbà lórí ọmọlańkẹ́ omi kan a sì gbéra. Abẹ́ ilẹ̀ ni ọ̀dá yìí wà. Omi tí agbègbè náà gbára lé ń bẹ láàárín iyanrìn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún onílé ló ń fà á lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kò sì sí ẹni tó ń ṣírò iye tí wọ́n ń fà. Ẹni tí kànga rẹ̀ jìn ló ń rí omi fà títí òjò yóò fi dé, owó ni wọ́n sì fi ń gbẹ́ kànga jíjìn.

Ilẹ̀ àwọn Àwórì ni Alímòṣọ́, ilẹ̀ oko àti abúlé tó wà létí odò kéékèèké. Nígbà tí Èkó kún, ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í ya lọ sí ìhà àríwá àti ìwọ̀-oòrùn. Ìjọba Lateef Jakande, tó wà lórí oyè láti 1979 sí 1983, kọ́ ilé fún àwọn tí owó wọn kò pọ̀ sí Abẹ́sàn ní Ìpájà. Ẹ̀sìtéètì Gowon àti ti Shagari wà ní àgbègbè kan náà. Àwọn tó ń ra pọ̀lọ́ọ̀tì lọ́wọ́ ọmọ onílẹ̀ kò dúró de ẹ̀sìtéètì kankan. Wọ́n kọ́lé, wọ́n gbẹ́ kànga, wọ́n kó wọlé kí ọ̀nà tó dé, tí wọ́n bá sì rántí páìpù omi, ìrètí lásán ni. Ní 2003, ìjọba ìpínlẹ̀ pín Alímòṣọ́ sí àgbègbè ìdàgbàsókè mẹ́fà nítorí èrò tó ti pọ̀ jù fún káńsù kan. Ìkànìyàn 2006 ka ènìyàn tó lé ní 1,277,000 síbẹ̀. Ìjọba Èkó kò gba iye yẹn. Ìkà tiwọn lọ́dún kan náà kọjá mílíọ̀nù méjì. Nàìjíríà kò tíì ka ènìyàn mìíràn láti ìgbà náà.

Bí a bá tilẹ̀ di iye tó kéré jù mú, ìṣirò rẹ̀ wúwo. Àjọ Ìlera Àgbáyé gbà pé lítà 50 sí 100 lóòjọ́ ló tó ẹnì kan láti mu, láti fi se oúnjẹ, láti fi wẹ̀ àti láti fi fọṣọ. Lítà 50 fún ènìyàn 1,277,000 jẹ́ nǹkan bí lítà mílíọ̀nù 64 lóòjọ́ kan, èyí tí í ṣe kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 tó lé ní mílíọ̀nù méjì ààbọ̀. Iye ìjọba Èkó yóò sọ ọ́ di lítà mílíọ̀nù 102. Ilé nìkan nìyẹn, a kò tíì ka ilé ìwòsàn, ilé ẹ̀kọ́, ọjà tàbí ilé iṣẹ́.

Omi ìjọba

Ìjù, níbi tí ilé iṣẹ́ omi àkọ́kọ́ ní Èkó wà, kò jìnnà sí Abúlé Ẹ̀gbá ní Alímòṣọ́. Ó ti lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún tí ìjọba àwọn òyìnbó amúnisìn ti kọ́ ọ kí omi ẹ̀rọ lè dé Erékùṣù Èkó. Owó omi tí wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ ará ìlú dá rògbòdìyàn sílẹ̀ ní 1908 àti ní 1916. Herbert Macaulay wà lára àwọn tó tako owó náà, ohun tí wọ́n sì ń sọ ni pé àwọn ará Èkó ní kànga tiwọn, pé ìtura àwọn òyìnbó ni ẹ̀rọ náà wà fún. Ọ̀rọ̀ yẹn yẹ ní rírántí, nítorí bí ọgọ́rùn-ún ọdún ti kọjá tó, páìpù ńlá láti Ìjù ṣì dorí kọ àárín ìlú àtijọ́, ọmọ Alímòṣọ́ tó wà ní ìtòsí orísun náà sì ń bá kànga tirẹ̀ yí.

Bí gbogbo ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́ tán, Ìjù lè pèsè gálọ́ọ̀nù mílíọ̀nù 45 lóòjọ́, ilé iṣẹ́ omi Àdìyàn mílíọ̀nù 70, ti Ìṣáṣí tó ń fa odò Ọ̀wọ̀ mílíọ̀nù 4. Tí a bá ro àwọn ilé iṣẹ́ omi kéékèèké mọ́ ọn, agbára gbogbo wọn jẹ́ nǹkan bí mílíọ̀nù 210. Ètò omi tí ìjọba Èkó ṣe fún 2010 sí 2020 ṣírò pé mílíọ̀nù 540 ni ìlú nílò nígbà tí ètò náà bẹ̀rẹ̀. Ìpele kejì Àdìyàn, tí yóò fi mílíọ̀nù 70 kún ti tẹ́lẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ní 2013. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, iṣẹ́ ṣì wà nílẹ̀. Agbára tí a sì kọ sínú ìwé kì í ṣe omi tó dé inú korobá. Iná a máa lọ, páìpù ogbó a máa jò, àdúgbò tó bá sì wà ní ìparí páìpù ló máa ń kọ́kọ́ gbẹ.

Omi Ìjù àti Àdìyàn gan-an ní àwọn mìíràn tó ń du ú. Láti inú odò Ògùn ni wọ́n ti ń fà á, ní Akútè, lórí ilẹ̀ ìpínlẹ̀ Ògùn. Lókè lọ́hùn-ún ni wọ́n ti sé odò Ọ̀yán, tó ń ṣàn wọ inú odò Ògùn, iṣẹ́ tí Ààrẹ Shehu Shagari ṣí ní oṣù kẹta 1983. Adágún ibẹ̀ lè gba kúbíìkì mítà omi mílíọ̀nù 270. Wọ́n ṣètò rẹ̀ láti fún Èkó ní lítà mílíọ̀nù 525 lóòjọ́, kí ó fún Abẹ́òkúta ní 175, kí ó bomi rin oko hẹ́kítà 3,000, kí ó sì mú iná mẹ̀gáwáàtì 9 wá. Àjọ tó ń bójú tó odò Ògùn àti Ọ̀ṣun, tí í ṣe ti ìjọba àpapọ̀, ló ń ṣí ìlẹ̀kùn rẹ̀ tó sì ń tì í. Àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí kò bára mu nínú ẹ̀ẹ̀rùn: àgbẹ̀ ń fẹ́ omi lóṣù kejì, ìlú méjèèjì ń fẹ́ ẹ lóṣù kejì kan náà, ẹni tó bá sì ń fẹ́ iná yóò fẹ́ kí adágún kún kí omi lè ní agbára. Lóṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá, adágún a kún dé ẹnu, wọ́n a ṣí ìlẹ̀kùn, omi a sì ya wọ ilé ní Ìṣẹ́rì, Akútè àti Ajégúnlẹ̀ lọ́nà Ìkòròdú. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà ni ìlú kan náà yóò máa wá omi mu.

Omi inú iyanrìn

Iyanrìn àti amọ̀ tó dúbúlẹ̀ lórí ara wọn ni ilẹ̀ Alímòṣọ́. Ó jẹ́ apá kan ilẹ̀ etíkun gbọọrọ tó bẹ̀rẹ̀ láti ìlà-oòrùn Ghana, tó gba Togo àti Benin kọjá, tó sì wọ gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ ń pè é ní Dahomey Basin. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé odò ńlá kan ń ṣàn lábẹ́ ilẹ̀ tí ẹni tó bá gbẹ́lẹ̀ jìn yóò kàn. Kò rí bẹ́ẹ̀ níhìn-ín. Àlàfo tíntìntín tó wà láàárín hóró iyanrìn ni omi ń kún, amọ̀ kì í sì í jẹ́ kí ó tètè kọjá. Ìdí nìyẹn tí omi fi pín sí ìpele. Ìpele òkè, tí òjò ń bọ́ tààràtà, ni kànga àfọwọ́gbẹ́ ń kàn. Kànga ẹ̀rọ, tí gbogbo ayé ń pè ní bohóòlù, ń la amọ̀ kọjá lọ sí ìpele kejì tàbí ìkẹta. Jìnnà sí ìsàlẹ̀ wọn, ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún mítà, ìpele mìíràn tún wà tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ní Ìkẹjà ti ń fà láti ọjọ́ pípẹ́.

Òjò ló ń dá omi padà. Láti oṣù kẹrin dé oṣù keje, òjò ńlá a rọ̀. Ó máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀ lóṣù kẹjọ. Ó tún padà lóṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá. Láti oṣù kọkànlá, ọyẹ́ a dé, omi tó ń wọlẹ̀ a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dáwọ́ dúró pátápátá fún oṣù mẹ́rin. Láàárín oṣù mẹ́rin yìí, omi ìpele òkè ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, nítorí ó ń jò lọ sínú odò kéékèèké, ènìyàn sì ń fà á. Ní ayé ìgbà tí oko yí abúlé ká, ọ̀pọ̀ nínú òjò máa ń ráyè wọlẹ̀. Lónìí, òrùlé, ọ̀dà títì àti kóńkéré àgbàlá ti bo ilẹ̀. Òjò ńlá kan náà tó ń sọ òpópónà Ìkòtún di odò ń sáré gba gọ́tà lọ sínú odò, kí iyanrìn abẹ́ ilé tó mọ̀ pé òjò rọ̀. Ìkún omi àti ọ̀dá omi ní Alímòṣọ́ ní ìyá kan náà, ó sì ṣe ni láàánú pé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ìjọba ń náwó lé wọn lórí.

Bí ẹ̀rọ bá ń fa omi láti inú kànga kan, omi tó yí kànga náà ká a rì, a sì ya bí àrọ tí ẹnu rẹ̀ kọjú sókè. Bí ẹ̀rọ bá ṣe lágbára tó, tí ó sì ń ṣiṣẹ́ pẹ́ tó, bẹ́ẹ̀ ni ẹnu àrọ yìí ń gbòòrò sí i. Tí ilé mẹ́wàá bá tò sí òpópónà kan, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ń fa ìpele kan náà, àwọn àrọ a kan ara wọn, gbogbo wọn a jọ rì. Onílé tó wá rí i pé omi òun ti dín kù kì í ronú kan ti aládùúgbò. Ó máa ń sọ fún agbẹ́kànga pé kí ó sọ pọ́ǹpù kalẹ̀ sí i, tàbí kí ó gbẹ́ òmíràn tó jìn jù. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, aládùúgbò náà a ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò lówó láti gbẹ́lẹ̀ jìn a wá di oníbàárà ẹni tó lówó.

Àwọn tó ń fa omi

Ilé ni ó ń fa èyí tó pọ̀ jù, ṣùgbọ́n kò dá fà. Ilé iṣẹ́ omi inú ọ̀rá wà ní àdúgbò púpọ̀. Omi tí wọ́n fà lábẹ́ ilẹ̀ Ìgandò lè jẹ́ Ọ̀ṣọ́dì ni wọn yóò ti mu ún. Alábúlọ́ọ̀kù nílò omi láti po sìmẹ́ǹtì, ó sì tún nílò rẹ̀ láti máa fi rin búlọ́ọ̀kù kí ó má bàa sán. Ẹ̀ẹ̀rùn gan-an sì ni ìkọ́lé ń yára jù. Àwọn tó ń fọ mọ́tò, àwọn alágbàfọ̀, àwọn tó ń sin ẹja àrọ̀ ní ẹ̀yìnkùlé, tí wọ́n gbọ́dọ̀ máa pààrọ̀ omi adágún kí ẹja má bàa kú, gbogbo wọn ń fà. Àwọn alẹ́fọ̀ọ́ tó ń gbin tẹ̀tẹ̀ àti ewédú sí àbàtà ń gbẹ́ kòtò omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ebè, àwọn ló sì kọ́kọ́ ń mọ̀ bí ìpele òkè bá ti lọ sílẹ̀, nítorí kòtò wọn kò jìn. Ilé Ìwòsàn Gbogboogbò Alímòṣọ́ ní Ìgandò kò lè tọ́jú aboyún kan láìsí omi.

Kò sí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò tọ́ nínú wọn. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó ni pé kò sí ètò kankan tó ń sọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ bu omi nígbà tí omi bá dín kù. Agbára pọ́ǹpù ló ń pín in. Ayálégbé tó ń gbé yàrá kan nínú ilé tí ìlẹ̀kùn yàrá kọjú sí ara wọn, tí kànga àfọwọ́gbẹ́ kan ṣoṣo wà fún ìdílé mẹ́wàá, ló máa ń kọ́kọ́ pàdánù. Ìyá ilé àti àwọn ọmọ ni yóò tò sí ìlà kẹ́ẹ̀gì kí ilẹ̀ tó mọ́.

Omi tún di ọ̀rọ̀ iná. Kànga ẹ̀rọ tí kò rí iná kò yàtọ̀ sí ihò lásán. Ní oṣù karùn-ún 2023, ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí bẹntiróòlù, iye lítà kan sì fò láti ìsàlẹ̀ 200 náírà kọjá 480. Ní oṣù kẹrin 2024, àwọn tí wọ́n tò sí ìpele àkọ́kọ́ nínú àwọn tó ń ra iná bẹ̀rẹ̀ sí í san 225 náírà lórí kílówáàtì kan fún wákàtí kan; nǹkan bí 68 ni wọ́n ń san tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ń fi jẹnẹrétọ̀ fa omi tà kò ní ọ̀nà mìíràn ju kí ó gbé iye kẹ́ẹ̀gì sókè lọ. Nípa bẹ́ẹ̀, ọ̀dá lè dé bá ìdílé kan láìjẹ́ pé omi abẹ́ ilẹ̀ dín kù ní ìka kan.

Omi tó wà, tí kò ṣeé mu

Ìbàjẹ́ ń dín omi kù bí ẹ̀ẹ̀rùn ṣe ń dín in kù. Ní Barúwà, ní Ìpájà, bẹntiróòlù ti wọ inú kànga láti àwọn ọdún 1990. Páìpù epo ìjọba àpapọ̀ tó gba abẹ́ àgbègbè náà kọjá ló jò sínú ilẹ̀. Bẹntiróòlù fúyẹ́ ju omi lọ, nítorí náà orí omi abẹ́ ilẹ̀ ló ń léfòó sí. Bí omi bá lọ sílẹ̀ nínú ẹ̀ẹ̀rùn, epo a bá a sọ̀kalẹ̀, a sì lẹ̀ mọ́ iyanrìn. Bí òjò bá gbé omi sókè padà, omi a tún fọ epo náà kúrò lára iyanrìn. Ìdí nìyí tí ọdún gbọọrọ kò fi fọ ilẹ̀ Barúwà mọ́. Benzene tó wà nínú bẹntiróòlù ń yòrò sínú omi, ó sì lè fa jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀, bí òórùn epo tilẹ̀ ti pòórá. Àwọn ará Barúwà ti ń ra omi láti àdúgbò mìíràn fún ìran kan báyìí, wọ́n sì tún ń gbọ́n kànga tí wọn kò gbọdọ̀ mu. Kò sí àdúgbò ní Alímòṣọ́ tí ó yẹ kí omi ìjọba kọ́kọ́ dé tó ibẹ̀.

Ààtàn Solous wà lẹ́bàá ọ̀nà tó gba Ìgandò kọjá. Ìwádìí tí Longe àti Balogun gbé jáde ní 2010 lórí omi àwọn kànga tó yí i ká rí i pé ìpalára ààtàn náà kò tíì pọ̀, nítorí amọ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ ń dá oje ìdọ̀tí dúró. Wọ́n tún kìlọ̀ pé níwọ̀n bí kò ti sí ohun tó ń gbe oje náà, ewu rẹ̀ ń bọ̀. Apá méjèèjì èsì yẹn ló yẹ kí a dì mú pọ̀. Amọ̀ ń ran ni lọ́wọ́, àmọ́ gbogbo kànga ẹ̀rọ tí wọ́n gbẹ́ láìdí ẹ̀gbẹ́ páìpù rẹ̀ dáadáa ti lu amọ̀ yẹn jálẹ̀.

Èyí tó kan ọ̀pọ̀ ènìyàn jù ni ṣáláńgá àti sókéwè. Pọ̀lọ́ọ̀tì kan ní Èkó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 ní ìbú, 120 ní gígùn, nǹkan bí mítà 18 sí 36. Ìmọ̀ràn tí àwọn onímọ̀ ìlera máa ń fúnni ni pé kí kànga fi nǹkan bí mítà 30 jìnnà sí ilé ìgbẹ́. Onílé tó bá gbẹ́ kànga síwájú, tó fi sókéwè sí ẹ̀yìn ilé, lè fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i ṣe. Sókéwè aládùúgbò wá wà ní ẹ̀yìn ògiri, mítà díẹ̀ sí kànga rẹ̀. Lórí ààbọ̀ pọ̀lọ́ọ̀tì, kò tilẹ̀ ṣeé ṣe. Nígbà tí omi bá lọ sílẹ̀ nínú ẹ̀ẹ̀rùn, èyí tó kù ní ìsàlẹ̀ kànga máa ń ki fún ìdọ̀tí, òjò àkọ́kọ́ a sì tún fọ èyí tó wà lójú ilẹ̀ wọ inú rẹ̀. Nínú oṣù kẹfà 2024 ni àrùn onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Èkó, nígbà tí òjò ńlá ń rọ̀. Kànga tó jìn bọ́ lọ́wọ́ èyí dé àyè kan, ṣùgbọ́n omi iyanrìn etíkun sábà máa ń kan díẹ̀, ó sì máa ń ní irin nínú. Bí wọ́n bá fà á tán, mímọ́ ni. Bó bá sùn mọ́jú nínú tánkì, a pọ́n bí ìpẹtà. Irin yẹn kì í pani, ó kàn ń ba aṣọ àti páìpù jẹ́, ó sì ń mú kí àwọn tó lówó máa da omi púpọ̀ nù.

Kíkà àti gbígbe

Ẹ̀rí ibi tí fífà láìkà lè já sí wà ní ìlà ilẹ̀ kan náà, ní orílẹ̀-èdè Benin. Cotonou gbára lé àwọn kànga ẹ̀rọ ní Godomey, nítòsí adágún Nokoué, fún omi mímu. Bí fífà ṣe ń pọ̀ sí i, omi iyọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú díẹ̀ lára àwọn kànga náà. Àǹfààní tí Cotonou ní ni pé kànga rẹ̀ wà lójú kan, lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ kan, nítorí náà wọ́n rí iyọ̀ náà nígbà tó ń bọ̀. Alímòṣọ́ jìnnà sí òkun ju Godomey lọ, iyọ̀ kò sì í ṣe ìṣòro rẹ̀ lónìí. Bí ìyípadà mìíràn bá ń bọ̀, ta ni yóò rí i?

Òfin kò ṣaláì sí. Òfin omi ìpínlẹ̀ Èkó ti 2004 dá àjọ kan sílẹ̀ láti máa darí ọ̀rọ̀ omi, òfin àyíká ti 2017 sì mú ìwé àṣẹ kànga ẹ̀rọ le sí i. Ariwo ńlá sọ lórí ti 2017, àwọn ará ìlú sì ní ẹ̀tọ́ láti pariwo: ìjọba tí kò fún wọn lómi fẹ́ gbowó lórí kànga tí wọ́n fi owó ara wọn gbẹ́. Ohun tí wọ́n sọ ní 1908 ni wọ́n tún ń sọ. Àmọ́ kíkà kànga kò gbọdọ̀ bá ẹjọ́ owó lọ. Ó ṣeé ṣe láti kọ orúkọ gbogbo kànga ẹ̀rọ, jíjìn rẹ̀ àti agbára pọ́ǹpù rẹ̀ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, kí àwọn tó ń fà láti tà nìkan sì máa san nǹkan. Kànga ìṣọ́ díẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kì í pọn nínú rẹ̀, tí wọ́n kàn ń fi okùn wọn omi rẹ̀ lóṣooṣù ní Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá, Ìgandò àti Ìpájà, yóò sọ láàárín ọdún mélòó kan bóyá omi tí ẹ̀ẹ̀rùn ń mú lọ ni òjò ń dá padà.

Òjò fúnra rẹ̀ ni orísun tí wọ́n lò kéré jù. Òrùlé mítà 10 sí mítà 10, lábẹ́ òjò mílímítà 1,400, ń gba lítà 140,000 lọ́dún. Ká ní ìdá márùn-ún rẹ̀ kan ṣòfò, 112,000 ló kù, èyí tó fi díẹ̀ ju ohun tí ẹni mẹ́fà ń lò lọ́dún kan lọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ń lo lítà 50 lóòjọ́. Ibi ìtọ́jú ni ìṣòro wà. Tánkì onílítà 5,000 kò lè tó irú ìdílé bẹ́ẹ̀ ju ọjọ́ 16 lọ, ẹ̀ẹ̀rùn sì jẹ́ oṣù mẹ́rin. Omi òrùlé kò lè rọ́pò kànga nínú oṣù kejì. Ohun tó lè ṣe ni kí ó jẹ́ kí kànga sinmi láti oṣù kẹrin dé oṣù kẹwàá, kí omi abẹ́ ilẹ̀ lè ga kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé. Wọ́n gbọ́dọ̀ da ti ìbẹ̀rẹ̀ òjò kọ̀ọ̀kan nù, nítorí eruku àti ìgbẹ́ ẹyẹ.

Èyí tó bá kún tánkì tó sì ń ṣàn lọ ni wọ́n lè darí sínú kòtò tí wọ́n kó òkúta wẹ́wẹ́ àti iyanrìn sí, kí ó wọlẹ̀ padà. Ilé ẹ̀kọ́ ìjọba, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí ló yẹ kí ó bẹ̀rẹ̀, nítorí òrùlé wọn fẹ̀, àgbàlá wọn sì ṣì ní ilẹ̀ tí kóńkéré kò bò. Òrùlé ilé ẹ̀kọ́ tó fẹ̀ tó 1,000 mítà níbùú lóròó ń gba omi ju lítà mílíọ̀nù kan lọ lọ́dún. Omi òrùlé nìkan ni ó gbọ́dọ̀ wọ irú kòtò bẹ́ẹ̀. Omi gọ́tà àti ti ojú títì ti bá epo ọkọ̀ àti ìdọ̀tí ọjà pàdé, a kò sì gbọdọ̀ fi ọwọ́ ara ẹni gbé e wọ inú ilẹ̀ tí gbogbo àdúgbò ti ń mu. Kòtò náà kò sì gbọdọ̀ wà nítòsí sókéwè, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò gbọdọ̀ gbẹ́ ẹ ní Barúwà tàbí níbikíbi tí epo bá ti wà nínú ilẹ̀, nítorí omi tuntun tó bá wọlẹ̀ níbẹ̀ lè máa ti epo lọ sí kànga ẹni tí tirẹ̀ ṣì mọ́.